Fóònù Akọ̀wé Kò Ní Àléébù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìgbéraga níbi tó ti ń wọ bàtà, ẹ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìfọṣọ kan báyìí ní agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀ láàárọ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ á ti dé. Àwọn tó ń fọ á ti bọ́wọ́ sómi, àwọn tó ń lọ aṣọ á ti tan áyọ́ọ̀nù, èéfín omi gbígbóná á sì ti bo ojú fèrèsé. Nígbà náà ni Akọ̀wé á tó yọ.

Akọ̀wé kì í wọlé bí ènìyàn. Ńṣe ló máa ń dé.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ka aṣọ ìbùsùn tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ọsibítù bá kó wá, kó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, á kọ́kọ́ fi aṣọ funfun kékeré nu orí tábìlì, á tọwọ́ bàpò, á fa fóònù yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fa idà, á gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà á wo ọ̀tún, á wo òsì, kó lè mọ iye ojú tó rí i.

Olójúmẹ́ta ni fóònù náà. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dán bíi dígí, ẹni tí kò bá sì ní in máa ń sọ pé òun kò fẹ́ ẹ. Fóònù ni àwọn yòókù ń gbé. Ipò ni Akọ̀wé ń gbé ní tiẹ̀. Akọ̀wé, a-fi-fóònù-júwe-ọ̀nà! A-gbé-e-bí-ẹyin! Olówó ojú mẹ́ta tí kò fi ọ̀kan ríran!

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. “Òógùn ọwọ́ yín á bà á jẹ́,” ni yóò wí.

Ọ̀rọ̀ rèé o, ẹ má ṣe sọ pé ẹnu wa lẹ ti gbọ́ ọ: fóònù náà kì í ṣe fóònù. Òkú fóònù ni. Irú èyí tí àwọn ọlọ́jà máa ń tò sínú dígí níwájú ṣọ́ọ̀bù kí èrò ọ̀nà lè máa wò ó ni: ike lóde, òfìfo nínú, bébà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ bí ẹni pé ó ń tàn. Agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni aago rẹ̀ máa ń wí, ìbáà jẹ́ àárọ̀, ìbáà jẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù fóònù. Ọjọ́ kan péré ni Akọ̀wé tọrọ òkú fóònù yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbé e dání ya fọ́tò. Ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan di oṣù mẹ́ta. Bí ọmọkùnrin náà bá bèèrè, Akọ̀wé á ní, “Ṣé nítorí ike lo ṣe fẹ́ dójú ti ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ?”

Fóònù tí Akọ̀wé fi ń sọ̀rọ̀ gan-an, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi rọ́bà dè kí bátìrì rẹ̀ má bàa já bọ́, inú ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń gbé, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Bó bá dún, Akọ̀wé á sáré gbé Olójúmẹ́ta sétí, á ní, “Hẹ̀lóò, mo wà nípàdé, ẹ pè mí tó bá yá.” Ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ kò mọ ìpàdé. Á ṣì máa dún lọ.

“Akọ̀wé,” Ìyá Alọṣọ á pè é láti ìdí áyọ́ọ̀nù, “ẹ ṣáà ti gbé e. Kí ló ṣì ń dún?”

“Ẹlòmíì ló ń pè, Màmá. Ó tò sẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́ ni.”

“Ẹsẹ̀ yín ló wá tò sí?”

“Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni. Kò lè yé yín.”

Ìyá Alọṣọ á gbọn orí, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ nílé ìfọṣọ náà ju ẹnikẹ́ni lọ, ó sì ti rí aṣọ tó funfun lójú tó jẹ́ pé àbàwọ́n ló wà lábẹ́.

Bí nǹkan ṣe ń lọ nìyẹn títí di ọjọ́ Ajé kan tí Màdáámù, ẹni tó ni ilé ìfọṣọ, pe gbogbo wọn jọ.

“Àwọn oníbàárà wa fẹ́ máa rí fọ́tò aṣọ wọn kó tó kúrò níbí,” ni Màdáámù wí. “Ilé iṣẹ́ máa ra fóònù fún ẹ̀yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó ń lọ aṣọ. Bẹ́ ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ lè máa fi pe àwọn èèyàn yín. Àmọ́ oríṣi kan ṣoṣo la máa rà. Àwọn kan ní ká ra Olójúmẹ́ta, àwọn kan ní ká ra fóònù tí wọ́n ń pè ní Búlọ́ọ̀kù. Ẹ lọ rò ó dáadáa. Lọ́jọ́ Ẹtì, agogo mẹ́ta, mo fẹ́ gbọ́ àǹfààní àti àléébù tó wà lára méjèèjì.”

Inú Ìyá Alọṣọ dùn dé ẹ̀yìn eyín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lọ́nà jíjìn ti bímọ, oṣù kẹrin rèé, ṣùgbọ́n òun kò tíì fojú kan ọmọ náà. Fóònù tó ń lò kò lè gbé àwòrán. Ẹkún ọmọ nìkan ló ti ń gbọ́.

Akọ̀wé kò dúró dìgbà tí iṣẹ́ parí kó tó kàn sí àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ ní wákàtí oúnjẹ ọ̀sán.

“Bọ̀ọ̀dá,” ni ọmọkùnrin náà wí, ojú rẹ̀ ń tàn, “bí wọ́n bá lè ra mẹ́wàá lọ́wọ́ mi, ọ̀gá mi máa fún mi ní ọ̀kan lé. Ẹ̀yin ni mo máa fún. Ẹ ó dá òkú padà, ẹ ó gba ààyè.”

“Èyí tó ń mí?”

“Èyí tó ń mí, Bọ̀ọ̀dá. Tó ń sọ̀rọ̀, tó ń tan iná.”

Akọ̀wé fọwọ́ pa àpò rẹ̀ lára. Ó wo òkú, ó ronú ààyè. Láti ọjọ́ náà ló ti di oníwàásù.

Ìgbàkígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá jókòó sórí ìdì aṣọ láti jẹun, Akọ̀wé á ti dé. Ká sọ tòótọ́ nípa rẹ̀: kò purọ́. Òtítọ́ pọ́ńbélé ló ń sọ, ó kàn ń fi bọ́tà pa á lára ni.

“Bátìrì rẹ̀ ńkọ́?” Ìyá Alọṣọ bèèrè.

“Bátìrì? Màmá, láti oṣù mẹ́ta tí mo ti ń gbé e, mi ò tíì ṣáájì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”

Ẹnu ya gbogbo wọn. Ẹnì kan gbàgbé oúnjẹ sí ẹnu.

“Ṣé kì í gbóná?”

“Tútù ló ń tutù. Bí orí ẹja.”

“Dátà ńkọ́? Wọ́n ní ó ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ koríko.”

“Tèmi ò jẹ ẹyọ kan rí. Mo búra.”

“Àwọn oníjìbìtì tó máa ń pe èèyàn pé ká mú nọ́ńbà báńkì wá?”

“Kò sí oníjìbìtì kankan tó lè rí mi pè lórí fóònù yìí. Ó ní ààbò.”

Mẹkáníìkì tó ń tún àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe nu ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ohun gbogbo tó ní àǹfààní ló ní àléébù. Àléébù tiẹ̀ ńkọ́?”

Akọ̀wé ronú. Ó gbójú sókè. “Àléébù rẹ̀ ni pé, tó o bá ti gbé e, àwọn èèyàn á máa jowú ẹ.”

Nígbà tó fi máa di ọjọ́bọ̀, mẹ́fà nínú àwọn mẹ́wàá ti gbà. Akọ̀wé ránṣẹ́ sí àbúrò ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé páálí mẹ́wàá wá ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, nítorí òun ti dì wọ́n lókùn.

Agogo mẹ́ta ọjọ́ Ẹtì lù. Wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ, àfi ọ̀kan tó ń yí aṣọ lẹ́yìn, kùrù, kùrù, kùrù. Màdáámù jókòó sórí àga níwájú tábìlì ńlá tí wọ́n ti ń ká aṣọ. Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ dìde.

“Màdáámù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lo Olójúmẹ́ta,” ló wí. “Kí n má purọ́, fóònù gidi ni. Tó bá ya fọ́tò aṣọ, ẹ ó rí òwú kan ṣoṣo tó bá já. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Àmọ́ bí ẹ bá ń fi ya fọ́tò káàkiri, bátìrì rẹ̀ kì í kọjá ọ̀sán. Ó máa ń gbóná. Tó bá já bọ́, dígí rẹ̀ á fọ́ yángá, ẹni tó máa tún un ṣe sì ṣọ̀wọ́n. Búlọ́ọ̀kù ní tiẹ̀ wúwo, kò rẹwà. Fọ́tò rẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé òjò ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń lo ọjọ́ méjì gbáko. Tèmi já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan. Àtẹ̀gùn la lọ yẹ̀ wò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màdáámù mi orí. “Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Akọ̀wé ńkọ́?”

Akọ̀wé dìde, ó fa kọ́là rẹ̀ gún, ó gbé Olójúmẹ́ta sókè kí iná lè kọ lára rẹ̀.

“Màdáámù wa, àtàtà ìyá, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi,” ló bẹ̀rẹ̀, “ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ẹni tó bá mọ fóònù yàn, á bá àgbà... á bá àgbà fóònù! Àwọn kan sọ̀rọ̀ bátìrì. Ẹ bi mí ìgbà tí mo ṣáájì kẹ́yìn. Àwọn kan sọ̀rọ̀ gbígbóná. Ẹ wá fọwọ́ kàn án... rárá, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ṣáà gbà mí gbọ́.”

“Mo gbọ́,” ni Màdáámù wí. “Àmọ́ ilé ìfọṣọ la wà, Akọ̀wé. Omi là ń jẹ, omi là ń mu. Bó bá bọ́ sómi ńkọ́?”

“Omi?” Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. “Màdáámù, omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan.”

Kó tó pa ẹnu dé, Ìyá Alọṣọ ti gbé báàfù omi kan sórí tábìlì. “Ó yá,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká rí i. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.”

Akọ̀wé fà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kan ti ń wá ọ̀nà ìta. Lójijì ni èrò kan sọ sí i lọ́kàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Kí ni òun ń bẹ̀rù? Omi a máa pa fóònù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkú kì í kú lẹ́ẹ̀mejì! Kódà bí wọ́n bá sè é, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe rí.

Ó na apá bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ rúbọ. Ó ju Olójúmẹ́ta sínú omi.

Ó tàsé ohun kan ṣoṣo. Fóònù náà kò rì. Ó léfòó. Ó ń mì lórí omi, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bíi pẹ́pẹ́yẹ tó jáde ìgbafẹ́.

Gbogbo wọn na ọrùn wo inú báàfù.

“Fóònù,” ni Mẹkáníìkì wí díẹ̀díẹ̀. “Ó ń léfòó?”

Ẹlòmíì ì bá ti sá. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í mọ ọ̀nà ilé. Akọ̀wé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kígbe, “Àǹfààní tí mo fi pamọ́ dẹ́yìn nìyẹn! Olójúmẹ́ta kì í rì! Bẹ́ ẹ bá wọkọ̀ ojú omi, tí ọkọ̀ bá rì, ẹ̀yin lẹ máa rì, fóònù yín á máa bá ìrìn àjò ẹ̀ lọ!”

Àtẹ́wọ́ ta. Àwọn tí kò tíì gbà tẹ́lẹ̀ gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan fò sókè. Akọ̀wé ń tẹrí ba lápá ọ̀tún, ó ń tẹrí ba lápá òsì, ó sì ti ń gbọ́ mímí fóònù tuntun létí.

“Wò ó,” ni Màdáámù wí, ó sì fa fóònù kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Olójúmẹ́ta ni òun náà. “Ọmọ mi fi èyí ránṣẹ́ sí mi, ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Ẹ̀rù omi kì í jẹ́ kí n gbé e jáde níbí. Àṣé mò ń fìyà jẹ ara mi lásán.”

“Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná,” ni Mẹkáníìkì wí.

“Dúró ti kí ni? Ojú mi ló ṣe.”

Ó jù ú sómi.

Jùmú! Fóònù Màdáámù forí lé ìsàlẹ̀ báàfù bí òkúta. Òkú ń wẹ̀ lókè. Ààyè sùn sí ìsàlẹ̀.

Kùrù, kùrù, kùrù, ni ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ń wí.

“Akọ̀wé,” ni Màdáámù wí. “Tèmi rì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáámù.”

“Kí ló dé tó rì?”

Akọ̀wé tún fa kọ́là rẹ̀. “Bóyá... bóyá ẹrù inú ẹ̀ ló pọ̀, Màdáámù. Ẹ ti kó fọ́tò púpọ̀ sí i. Èmi kì í kó fọ́tò sínú tèmi.”

Mẹkáníìkì kò dúró gbọ́ èyí. Ó ti bọwọ́ sómi, ó yọ fóònù Màdáámù, ó ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ìyá Alọṣọ ní tiẹ̀ ṣì tẹjú mọ́ báàfù.

“Akọ̀wé,” ló wí, “ojú fóònù yín ń ṣí kúrò.”

Lóòótọ́, igun kan lára bébà náà ti ká sókè. Igun kejì tẹ̀ lé e. Ìyá Alọṣọ fi ìka méjì fà á, gbogbo ojú Olójúmẹ́ta sì bá a lọ, tòun ti aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ike dúdú ló kù nílẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà funfun gàdàgbà-gadagba lójú rẹ̀. Mẹkáníìkì tẹ̀ síwájú, ó kà á sókè:

“FÚN WÍWÒ NÌKAN. KÒ SÍ NǸKAN NÍNÚ RẸ̀.”

Ojú ti ṣí kúrò lára fóònù. Ó wá ku ibi tí ẹni tó ni ín máa gbé ojú tiẹ̀ sí.

“Ẹ má ṣe bínú, Akọ̀wé,” ni Ìyá Alọṣọ wí, ó na bébà tútù náà sí i. “Bó bá gbẹ díẹ̀, mo lè bá yín fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.”

Ẹ̀rín tó bú jáde, àfi bí ìgbà tí páìpù bẹ́. Àwọn kan ṣubú sórí ìdì aṣọ. Akọ̀wé gbé ọwọ́ sókè, ó ń làágùn.

“Ẹ gbọ́ mi! Mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni! Gbogbo ohun tí mo sọ, òótọ́ ni! Ṣé mo ṣáájì ẹ̀ rí?”

“Rárá!” ni gbogbo wọn dáhùn.

“Ṣé ó gbóná rí?”

“Rárá o!”

“Ṣé ó jẹ dátà?”

“Kò jẹ ẹyọ kan!”

“Ẹ̀ẹ́hẹ́ẹ̀n! Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?”

Ẹnu ọ̀nà ṣí. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ wọlé, páálí mẹ́wàá lé orí ara wọn láyà rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló fi dì wọ́n mú.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníbàárà wa!” ló fi ayọ̀ kí wọn. “Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọ́n ti gbà? Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún mi ní òkú fóònù yẹn. Ọ̀gá mi rí i pé àyè kan ṣófo nínú dígí, ó ti ń pariwo lé mi lórí láti àárọ̀.”

Gbogbo ojú yí sí Akọ̀wé. Màdáámù ló wá fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé, “Ọmọ mi, bí a bá ra mẹ́wàá yìí, kí lo máa fún Akọ̀wé?”

Ọmọkùnrin náà kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ilé rere ló ti wá, wọn kò kọ́ ọ ní irọ́. “Ọ̀kan lé ni, mà. Èyí tó ń mí.”

Ẹ̀rín tún gbòde. Ṣùgbọ́n Ìyá Alọṣọ kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó sún mọ́ ọmọkùnrin náà.

“Ọmọ mi, bátìrì Olójúmẹ́ta gidi, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó?”

“Bẹ́ ẹ bá ń ya fọ́tò, Màmá, láti àárọ̀ dé ọ̀sán ni.”

“Bó bá já bọ́?”

“Kẹ́ ẹ má jẹ́ kó já bọ́, Màmá.”

“Bó bá bọ́ sómi?”

“Ìyẹn ò lè pa á, bẹ́ ẹ bá tètè yọ ọ́.”

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù Màdáámù tàn lọ́wọ́ Mẹkáníìkì. Omi kò ṣe é ní nǹkan kan. Akọ̀wé fò sókè. “Ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan!”

“Jókòó,” ni Màdáámù wí. “Fóònù dára. Ẹni tó ń polówó ẹ̀ ni kò ní nǹkan nínú.” Ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. “Búlọ́ọ̀kù la máa rà. Bí aṣọ bá sì délẹ̀ láti yà ní fọ́tò, Akọ̀wé ló máa dúró síwájú kámẹ́rà, á na aṣọ náà sókè. Ṣebí ó fẹ́ kí wọ́n máa wo òun.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Alọṣọ rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú Búlọ́ọ̀kù tuntun. Àwòrán náà ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ imú ọmọ náà lójú ẹsẹ̀, imú ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ ni. Omijé bọ́ sórí aṣọ tó ń lọ̀, ó sì fi áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Ẹtì yẹn. Akọ̀wé kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Léfòó ni wọ́n ń pè é títí tó fi dé géètì. Léfòó ni aṣọ́nà fi kí i pé ó dàárọ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló gbà, kó má bàa pàdé ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó sì ń tu ara rẹ̀ nínú lọ́nà. Ó ṣáà kù síbì kan tí wọ́n ṣì ń fi ọ̀wọ̀ pe òun. Ilé kì í ṣe ibi iṣẹ́. Ìyàwó òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

Ohùn ìyàwó rẹ̀ ti inú ilé ìdáná wá, ó dùn bí oyin:

“Ẹ káàbọ̀, Baba Léfòó. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí ni.”